Ojú Bàbá Tàjú Ló Ṣú, Ọwọ́ Rẹ̀ Ò Ṣú

Bí ẹ bá rí Pèjó 505 aláwọ̀ búlúù kan ní Fẹ́sítàkì, tí ìyá àgbàlagbà kan ń wà á jẹ́jẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má wo iwájú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ohun kan wà nínú ìdí ọkọ̀ yẹn tí kì í jẹ́ kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Waheed gbójú sókè bó bá ń kọjá lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí tó rò ó, tó ní kí n kọ ọ́ síbi táwọn èèyàn á ti kà á. Mo bi í bóyá kí n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, orúkọ òun ti wà níbi tó burú ju inú ìwé ìròyìn lọ. 

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó láti kọ́ṣẹ́ pánẹ́lì-bítà, iṣẹ́ àwọn tó ń na ara ọkọ̀ tó tẹ̀, tí wọ́n ń gé èyí tó ti dípẹtà kúrò, tí wọ́n sì ń jó òmíràn mọ́ ọn. Ọ̀gá mẹ́ta ló kọ̀ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju pé ọwọ́ òsì ló ń lò. Ẹ̀kẹta tiẹ̀ sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé, "Ọlọ́wọ́-òsì ò gbọdọ̀ gbé iná nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

Bàbá Tàjúdéènì, tí gbogbo Kújẹ ní Àmùwò mọ̀ sí Bàbá Tàjú, ló gbà á. "Iná ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún," ni Bàbá wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ níbí."

Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jó irin, ìlà kéékèèké tó máa ń wà lójú ìjó rẹ̀ á kọ ojú sí apá kan. Ti Waheed á kọ ojú sí apá kejì. Bàbá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wò ó, ó tún ti jó o lódìlódì, bí ẹni tó wọ bàtà òdì." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ìjó náà dáa, kò sẹ́ni tó lè bú u.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ṣe fíríìdọ́mù pé ó ti mọṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, etí gọ́tà ni Waheed ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbójú, lábẹ́ agbòòrùn, tí àwọn ará káńsù ń lé e kiri bí ẹni lé adìẹ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Bàbá Tàjú wà ní Kújẹ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní òrùlé, tó ní ọgbà, tí àwọn oníbàárà tó ti ń bá a bọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ń wá a wá. Ojú Bàbá sì ti ń ṣú. Iná tó ti ń wò láìfi gọ́gù bojú láti kékeré ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

"Kí ni bàbá yìí ń dúró dè?" Bí Waheed ṣe ń rò ó nìyẹn, àní lórí ẹní ìrun pàápàá. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èrò tí èèyàn ò lè sọ síta, ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé táńkà kan fi imú gbún Pèjó Màmá Ọlábùnmí lẹ́yìn. Màmá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ilé wọn wà ní Fẹ́sítàkì, ọkọ wọn tó ti kú ló ni ọkọ̀ náà. Pánẹ́lì ẹ̀yìn, èyí tó wà lábẹ́ ìdérí bọ́ọ̀tì tó di iná ẹ̀yìn méjèèjì mú, rún wómúwómú. Bàbá Tàjú lọ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Ládípọ̀. Ó gé ti àtijọ́ kúrò, ó nu ojú ibẹ̀ mọ́, ó gbé tuntun sí i, ó sì jó ti ìta mọ́ ọn dáadáa. Ìta rọrùn fún un, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Inú bọ́ọ̀tì, níbi tí pánẹ́lì ti pàdé ilẹ̀ ọkọ̀, ṣókùnkùn jù fún ojú rẹ̀.

Ló bá ránṣẹ́ pe Waheed pé kó wá láàárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì.

"Waheed, ojú mi ò dé inú ibẹ̀ yẹn mọ́," Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni pé ògiri lè gbọ́. "Bá mi jó o. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé Tàjú ò ríran, ọjọ́ náà niṣẹ́ mi tán."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Waheed dáhùn.

Ó wọ inú bọ́ọ̀tì, ó tan iná. Ibẹ̀ ni òfin ẹgbẹ́ ti bọ́ sí i lọ́kàn. Ẹgbẹ́ àwọn pánẹ́lì-bítà Kújẹ ní òfin kan: bí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni bá là láàárín oṣù mẹ́ta, tí oníbàárà mú ẹjọ́ wá, wọn á tú iṣẹ́ náà lójú gbogbo èèyàn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ burúkú, oníṣẹ́ á kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò, ṣọ́ọ̀bù á sì di ti àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ta ni àgbà ọmọṣẹ́ Bàbá Tàjú? Waheed ni.

Ó jó ìwọ̀n ìka kan, ó fo ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó tún jó ìwọ̀n ìka kan, ó tún fò. Bó ṣe lọ títí dé òpin nìyẹn. Ó wá fi bọ́dì-fílà tó dà bí amọ̀ dí gbogbo ibi tó fò, ó sì fi ọ̀dà kùn ún dúdú. Ó sọ fún mi pé ohun tóun rò ni pé ọkọ̀ á kàn máa mì gbàlàgbàlà, Màmá á sì bínú. Mo bi í pé ṣé kò mọ ohun tó máa ń gba abẹ́ ìdí ọkọ̀ jáde ni. 

Bó ṣe jáde, Bàbá na ọwọ́ sínú bọ́ọ̀tì láti fọwọ́ wò ó, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́. Waheed di ọwọ́ náà mú.

"Ọ̀dà ò tíì gbẹ, Bàbá. Á bà yín lọ́wọ́ jẹ́."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ náà á rẹ́ni fọkàn tán lọ́jọ́ ogbó."

Ní ọjọ́ kejì, Dammy tó ń kun ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wá kùn ún, ó sì dán bí ọkọ̀ tuntun. Dammy pàdé Waheed lójú ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Bọ̀dá Waheed, ẹ ṣe sùúrù o. Kí ọdún yìí tó parí, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín." Waheed rò pé ó ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni. Ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, nínú òjò oṣù keje, Màmá Ọlábùnmí lọ gbé ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Ẹ̀bùnlọlá, ní Sátẹ́láìtì. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá Ẹ̀bùnlọlá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn èèyàn a máa sọ pé kò sí ọmọ tó gba abẹ́ wọn kọjá tí wọ́n gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n bá nà gbalaja sẹ́yìn ọkọ̀. Omi ti bo títì, ọkọ̀ ò ṣeé sún, wọ́n yí gbogbo gíláàsì sókè nítorí òjò, àfi ti Màmá Ọlábùnmí níwájú tó ṣí díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, wọ́n rò pé ebi ni.

Nígbà tí wọ́n dé Fẹ́sítàkì, Màmá Ọlábùnmí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti délé." Wọ́n mi ẹ̀gbọ́n wọn jìgìjìgì, wọn ò jí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá Ẹ̀bùnlọlá lò nílé ìwòsàn kí wọ́n tó lajú. Nígbà tí wọ́n lajú, wọ́n wo àbúrò wọn tó di wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀yin?"

Mẹkáníìkì yẹ ọkọ̀ náà wò. Bọ́dì-fílà ti já bọ́ ní ojú mẹ́ta nínú bọ́ọ̀tì. Èéfín sàlẹ́ńsà ń gba ìdí ọkọ̀ wọlé tààrà, òun ló ba ọpọlọ Màmá Ẹ̀bùnlọlá jẹ́.

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀nà ṣì wà fún Waheed nígbà yẹn. Bó bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn màmá méjèèjì, wọn ì bá bú u, wọn ì bá tutọ́ sí i lára, ṣùgbọ́n ó ṣì lè ní ẹni tí á máa pè ní bàbá. Kò lọ.

Bàbá ló wá bá a. Ó fi ọwọ́ wọ́ ara ògiri láti ibùdókọ̀ títí dé etí gọ́tà ní Agbójú.

"Waheed, mi ò sùn. Ṣé o jó ibẹ̀ dáadáa?"

"Mo jó o dáadáa, Bàbá." Waheed ò tiẹ̀ dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Àfi bó bá jẹ́ pé ti ìta tí ẹ̀yin jó ló fà á ya. Ẹ sì mọ̀ pé ojú yín ò gbé e mọ́."

Bàbá fi ọwọ́ kan ra ìkejì. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́." Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkùnrin tó ti ń fi ọwọ́ yẹn jẹun láti ogójì ọdún kò lè mú ife omi dúró. Waheed rí i, inú rẹ̀ sì dùn. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mi ò fi kún un.

Màmá Ọlábùnmí mú ẹjọ́ lọ bá ẹgbẹ́, ọjọ́ Tọ́sìdè sì ni wọ́n jókòó. Wọ́n wa Pèjó náà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, Màmá Ọlábùnmí jókòó sórí àga oníke, Akínfẹ́nwá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ jókòó tì wọ́n. Waheed ti wọ aṣọ tó mọ́ wá. Kí wọ́n tó fi irin kan ara ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ó dùn mí pé èmi ni mo ní láti sọ ọ́. Bàbá ló kọ́ mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ni ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá ò ríran mọ́, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

"Irọ́ ni," ni Bàbá wí. Ìtìjú ló ń sọ̀rọ̀.

Waheed rìn lọ síwájú rẹ̀, ó na apá sókè. "Bàbá, ìka mélòó ni mo nà yìí?"

 Bàbá fún ojú pọ̀, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Mẹ́ta," ó wí.

Ìkúùkù ni Waheed dì. Kò na ìka kankan. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn bá a rín in, ẹ̀rín náà sì ràn. Bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú.

Alága ní kí wọ́n tú bọ́ọ̀tì. Waheed fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ ìha-ọ̀dà, ó ń ha á, ó sì ń mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Bọ́dì-fílà ń já bọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gba àlàfo wọlé lójú kan lójú kan.

Màmá Ọlábùnmí bú sẹ́kún. "Bàbá Tàjú, kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ̀yin ni ọkọ mi ní kí n máa gbé ọkọ̀ yìí fún bóun ò bá sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ mí mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé mi."

Bàbá dìde. "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀," ó wí.

Dammy ló dì í lọ́wọ́ mú. Bàbá tẹ̀ wọ inú bọ́ọ̀tì, ó fi ìka ìfábẹ̀lá wá ibi tí irin ti pàdé irin. Ó ń fọwọ́ wò ó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

"Alága, òótọ́ ni. Mi ò ríran," ó wí. "Ó ti tó ọdún méjì. Ìka tí ọmọ yìí nà, mi ò rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo jó ọkọ̀ yìí, mo pe ẹnìkan pé kó bá mi jó inú, mo sì fi í pamọ́ fún yín nítorí ìtìjú. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Mo bẹ Màmá, ẹ dárí jì mí." Ó na ọwọ́ sí inú bọ́ọ̀tì. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran, ẹ wá wo ìlà ojú ìjó yẹn. Ẹ wo ibi tó kọ ojú sí. Nínú gbogbo àwa tó wà níbí, ta ló ń fi ọwọ́ òsì gbé iná?"

Alága bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ẹni méjì míì wò ó. Wọ́n wá yíjú sí Waheed lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó sún un sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ti pẹ́ jù.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni Akínfẹ́nwá wí. Kò gbé ohùn sókè. "Dammy, lọ gbé nǹkan yẹn wá."

Dammy wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó gbé sáìnbọ́ọ̀dù kan jáde, pánù tó nípọn, ilẹ̀ rẹ̀ funfun, lẹ́tà rẹ̀ pupa. Ó gbé e ti ara ọgbà. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni: WAHEED, ỌMỌ TÀJÚ.

"Oṣù kẹta ni bàbá yìí wá bá mi pé òun fẹ́ sinmi, kí ṣọ́ọ̀bù òun di tìẹ," ni alága wí. "Ìpàdé oṣù kejìlá la fẹ́ gbé e kọ́ fún ẹ. Ó ní kí a má sọ, òun fẹ́ kí ó yà ẹ́ lẹ́nu."

Waheed dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérí ọ̀dà pẹ̀lú aṣọ tó mọ́. "Bàbá, iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde," ni Bàbá wí. "Ọkọ̀ Màmá ò tíì tán."

Ó ní kí Waheed gé gbogbo ohun tó jó kúrò, kó sì tún un jó lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tó gé e tán, etí pánẹ́lì ti jẹ wọlé jù, ó ń fẹ́ pánù tí wọn á fi lẹ̀ mọ́ ọn. Waheed ní òun á sáré lọ wá a ní Agbójú.

"Kí lo ń lọ wá?" ni Bàbá wí. "Pánù tó wà lára ọgbà yẹn nípọn. Gé e. Apá tó ní orúkọ mi, gé e sọ́tọ̀, kó o mú un fún mi. Èyí tó kù ni kó o lò."

Waheed gé ỌMỌ TÀJÚ kúrò lára pánù, ó gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá fi ọwọ́ pa á, ó fi sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Waheed wá gbé WAHEED wọ inú bọ́ọ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Bó bá jó dé ìwọ̀n kan, Bàbá á fọwọ́ wò ó. "Tú u." Á tú u. Á tún un jó. "Tú u." Àwọn èèyàn wá láti Agbójú wá wòran. Àwọn tó kọ̀ ọ́ nígbà kan nítorí ọwọ́ òsì wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìka Bàbá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró.

"Èyí dáa," ni Bàbá wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, o ò tíì jó èyí tó dáa tó báyìí."

Waheed rò pé àánú ló ti dé. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Bàbá nu ìka rẹ̀ sí aṣọ. "Inú mi dùn pé mo fọwọ́ kàn án. Má pè mí ní Bàbá mọ́."

Ẹgbẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo Àmùwò. Ẹni àjèjì kan láti Ìjẹ̀bú ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Bàbá Tàjú wà nílé, kò ríran rárá mọ́. Àwọn tó ń lọ kí i sọ pé pánù kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta sẹ́yìn, Waheed lọ bẹ Màmá Ọlábùnmí. Ó bá wọn lẹ́nu géètì láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n fẹ́ gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ti dárí jì ẹ́," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ìyà náà ò rántí pé wọ́n fìyà jẹ òun. Ta ló máa wá bá a dárí jì ẹ́?"

Màmá Ẹ̀bùnlọlá wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n yí gíláàsì wálẹ̀, wọ́n wo ẹni tó kúnlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tuntun.

"Dìde, ọmọ mi. Kí lorúkọ ẹ?"

"Waheed, mà."

"Waheed. Orúkọ tó dáa ni. Mi ò ní í gbàgbé ẹ."

Ó padà lọ ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ó tún kúnlẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Màmá Ẹ̀bùnlọlá tún yí gíláàsì wálẹ̀, wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.